Orin Tó Gbé Mi Dé Ilé Bàbá Mi ní Kòríà

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ọjọ́ tí ẹnìkan kì í dá mi dúró ní Ọ̀kọ́ta láti béèrè bí Kòríà ṣe rí. Àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọkùnrin ibẹ̀ rẹwà tó bí a ṣe ń rí wọn nínú fíìmù. Àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti lówó. Àwọn tó mọ ìyá mi dáadáa kì í béèrè ìyẹn. Wọ́n á rọra sún mọ́ mi, wọ́n á ní, "Táyọ̀, ṣé o rí wọn?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Orin ni iṣẹ́ mi. Èmi ni mo ń kọ ọ́, èmi ni mo ń ta gìtá sí i, èmi náà ni mo ń gbé e jáde. Mi ò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ kankan. Ire-Akari ni mo dàgbà sí. Ìyá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tíṣà ni. Bàbá mi, ọmọ Kòríà ni. Ó wá ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe àtáṣímẹ́ǹtì tí àwọn obìnrin fi ń dirun. Wọ́n pàdé, wọ́n fẹ́ra ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bí mi. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, bàbá mi lọ sílé láti wo bàbá tirẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Jàǹbá ọkọ̀ ló pa á níbẹ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló wá sọ fún ìyá mi. Láti ilé ọkọ rẹ̀, kò gbọ́ ohunkóhun, kò sì mọ ẹni tí yóò pè.

Bí èmi àti ìyá mi bá jọ lọ ra nǹkan ní Bọ́ládé nígbà náà, àwọn tó ń kiri ọjà á máa pè mí pé, "Ṣáínà, wá rà á." Mo máa ń dá wọn lóhùn pé, "Ṣáínà kọ́, Ìjẹ̀bú ni." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì bu èènì lé e fún mi.

Nígbà tí ọkùnrin kan tó ní gbọ̀ngàn orin kékeré ní Sòúlù gbọ́ orin mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ní kí n wá máa kọrin lọ́dọ̀ òun fún ìgbà díẹ̀, mo mọ̀ pé mo máa lọ. Ìyá mi kò sọ pé kí n lọ wá ẹnikẹ́ni. Ó ń bá mi ká aṣọ sínú àpótí ni, ó kàn dárúkọ abúlé kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Ìlú tí wọ́n ti ń béèrè ọjọ́ orí

Mo ti rò pé gbogbo nǹkan ni yóò ṣàjèjì sí mi níbẹ̀. Òtútù ló kọ́kọ́ kí mi, ìyẹn sì ṣàjèjì lóòótọ́. Ó wọ inú etí mi bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ṣàjèjì tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Pàkì, ẹni tó ni gbọ̀ngàn orin náà, kò tíì mọ orúkọ mi délẹ̀ tó fi bi mí ní ọjọ́ orí mi. Ó rí i pé ojú mi yí padà, ó wá ń ṣàlàyé fún mi pé òun ní láti mọ ẹni tó jẹ́ àgbà nínú àwa méjèèjì, kí òun lè mọ bí òun ṣe máa bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ ẹni sọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìyẹn? Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ọmọdé kì í kọ́kọ́ gbé ṣíbí nígbà tí àgbà kò tíì jẹun. Gbogbo rẹ̀ bá mi lára mu. Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pé mo kúnlẹ̀ kí ìyá onílé mi ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́. Ó sáré wá gbé mi dìde, ó rò pé òòyì ló kọ́ mi.

Kì í ṣe pé gbogbo ọ̀nà ló dán. Nínú ọkọ̀ ojú irin, àga ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n máa ń jókòó sí kẹ́yìn. Àwọn ènìyàn á wo irun mi, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á tún wo irun mi. Ní ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan tó jókòó kọjú sí mi kò lè mú un mọ́ra. Ó ní, "Níbo lo ti wá?"

Mo ní, "Nàìjíríà ni, sà."

"Mo gbọ́. Ojú rẹ yìí ńkọ́?"

"Bàbá mi ló fún mi, sà. Ọmọ ibí ni."

Ó mú ọsàn kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó bó o, ó sì fún mi ní ìdajì. A jọ jẹ ẹ́ tán kí ó tó sọ̀kalẹ̀.

Ní Bọ́ládé, mo jẹ́ Ṣáínà. Ní Sòúlù, mo jẹ́ Áfíríkà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Iṣẹ́ mi ń dúró dè mí.

Òórùn irú

Mo ń kọjá lẹ́yìn ọjà kan ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí mo gbọ́ òórùn irú. Mo dúró. Mo padà sẹ́yìn díẹ̀, mo tún fa imú. Irú ni, kò sí àní-àní. Mo tẹ̀ lé òórùn náà wọ ilé oúnjẹ kékeré kan tí tábìlì inú rẹ̀ kò pọ̀.

Ìyá kúkúrú kan tó di épúrọ́ọ̀nù pupa ló wà níbẹ̀. Mo nawọ́ sí ìkòkò dúdú tó ń hó níwájú oníbàárà kan. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń sè, tí wọ́n ń fi aṣọ bò títí yóò fi máa yọ̀ bí irú pẹ̀tẹ̀, kí wọ́n tó fi se ọbẹ̀.

Ìyá náà mirí. "Àlejò kì í lè jẹ ẹ́. Ó ń rùn."

Mo ní, "Ẹ gbé e wá, mà. Nílé wa, òórùn yẹn la fi ń mọ̀ pé wọ́n se ọbẹ̀."

Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún tọrọ ìrẹsì sí i. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó síwájú mi, ó ń wò mí bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo bi í ní orúkọ rẹ̀, ó ní Ìyá Sújìn ni òun. Sújìn ni ọmọbìnrin rẹ̀ àkọ́bí. Mo ní orúkọ rẹ̀ gan-an ni mo ń béèrè. Ó ní, "Ta ló ń lo ìyẹn? Ìyá Sújìn ni mí."

Mo sọ fún un pé Ìyá Táyọ̀ ni wọ́n ń pe ìyá tèmi náà. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìlọ jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹnu ni mo fi kọ́ èdè Kòríà láti kékeré lọ́dọ̀ bàbá mi, fíìmù ni mo sì fi tọ́jú èyí tó kù. Ìyá Sújìn ló wá tún un ṣe. Ó ní bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, bí ọmọ ọdún méje tó ń bínú ni.

Wọ́n ń gbọ́, wọn kì í jó

Ìrọ̀lẹ́ tí mo kọ́kọ́ kọrin ní gbọ̀ngàn Ọ̀gbẹ́ni Pàkì, mo rò pé mo ti tẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìsọlọ̀, bí orin bá wọni lára, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sọ ọ́. Àwọn wọ̀nyí jókòó pẹ́ẹ́, ọwọ́ lórí orúnkún. Kò sí ẹni tó mirí. Kò sí ẹni tó súfèé. Mo kọrin kan, mo kọrin kejì, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. Ìgbà tí mo parí ni wọ́n pàtẹ́wọ́, tí wọn kò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tò wá kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kan ní kí n sọ ìtumọ̀ "ọ̀wọ́n" fún òun. Ó pe ọ̀rọ̀ náà tọ́, àmì ohùn rẹ̀ pé. Ó ti há a sórí láti inú orin mi.

Mo wá mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún orin nìyẹn. Ṣùgbọ́n orin tèmi ní ègbè, ègbè kì í sì í dá gbé ara rẹ̀. Ní Sátidé kejì, mo kọ́ wọn ní ègbè náà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tijú díẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbè é tán lẹ́ẹ̀kan, wọn kò fẹ́ kí n bọ́ sórí orin mìíràn mọ́.

Láìpẹ́, ọkùnrin kan wá láti ilé iṣẹ́ orin ńlá kan. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, ẹ̀wù rẹ̀ mọ́. Ó ní ohùn mi dára, ojú mi yóò tà. Ó fẹ́ kí n máa fi èdè Kòríà àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọrin, kí n máa wọ ìyẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀, kí àwọn kan máa jó yí mi ká. Ó ní Yorùbá kò ní jẹ́ kí àwọn ènìyàn tètè mú orin náà.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ wá jókòó ní gbọ̀ngàn ní Sátidé, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mú un."

Kò wá. Gbọ̀ngàn náà kún dé ẹnu ọ̀nà. Kí ìgbà ooru wọn tó parí, wọ́n ti ń pè mí láti Púsáànì àti àwọn ìlú mìíràn, mo sì ti gbé orin tuntun jáde fúnra mi, Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èdè Kòríà nínú ẹyọ orin kan náà. Mi ò lọ́lá, ṣùgbọ́n orin mi ló ń bọ́ mi.

Ìpè orí fóònù

Mo pẹ́ kí n tó sọ orúkọ abúlé bàbá mi fún Ìyá Sújìn. Mo rò pé bí mi ò bá wá wọn, wọn kò lè lé mi. Ọjọ́ tí mo sọ ọ́, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Etí òkun gúúsù ni wọ́n ti bí òun náà. Ó pe ẹnìkan, ẹni yẹn pe ẹlòmíràn, títí ó fi kan olórí abúlé náà, tó fún un ní nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Ó pè é ní ọ̀sán, nígbà tí oníbàárà kò sí. Ó yí ohùn fóònù náà sókè kí n lè gbọ́. Ó ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé ọmọ Háàn Yọ́ńsù, àbúrò rẹ̀, wà lọ́dọ̀ òun, pé láti Nàìjíríà ló ti wá.

Ọkùnrin náà kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Àbúrò mi kò fẹ́yàwó. Kò bímọ. Ẹ má pe ibí mọ́." Ó sì pa fóònù.

Inú bí mi débi pé mi ò lè jókòó. Kí n tó mọ ohun tí mo máa sọ, fóònù tún dún. Olórí abúlé ni, ó fẹ́ mọ bí ó ti lọ. Nígbà tí ó gbọ́, ó kẹ́dùn. Ó wá ní, "Iṣẹ́ wo ni ọmọ náà ń ṣe?"

"Olórin ni," Ìyá Sújìn dá a lóhùn.

"Olórin? Ọdún ìkórè wa ń bọ̀. Àwọn tí a máa ń pè ti darúgbó. Jẹ́ kó wá kọrin fún wa. Kò sí ẹni tó lè lé àlejò tí èmi bá pè."

Mo ní orin kan tí mo kọ nípa bàbá mi, tí mo ti ń pe orúkọ rẹ̀ ní àpètúnpè bí oríkì. Mo sọ fún Ìyá Sújìn pé orin yẹn ni mo máa kọ, pé mo máa pe orúkọ náà kí gbogbo abúlé gbọ́. Ó ń fọ kábéèjì lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

Ó ní, "O lè dójú ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lójú gbogbo ayé. O máa borí rẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá borí, ilé ta lo máa wọ̀?"

Inú ṣì ń bí mi.

Etí òkun

Abúlé náà ń rùn fún ẹja tí wọ́n sá sóòrùn àti ewéko òkun. Àwọn ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá omi, wọ́n ń fi ọ̀bẹ ṣí ìkarahun. Nígbà tí wọ́n rí mi, ọ̀bẹ dúró. Ọ̀kan ní, "Ta nìyí?" Ìyá Sújìn ní, "Olórin ni." Ọ̀kan nínú wọn yọ ẹran inú ìkarahun kan, ó fi ata sí i, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí mi lẹ́nu. Òkun ló wọ ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo gbé e mì, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Ọ̀sán gangan ni mo kọrin, lẹ́bàá ibi tí wọ́n so ọkọ̀ ojú omi mọ́. Àwọn àgbà jókòó lórí àga rọ́bà. Mo kọ orin díẹ̀, wọ́n gbè é dáadáa. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ orin bàbá mi. Mo ti yí ẹsẹ tí orúkọ rẹ̀ wà sí èdè Kòríà kí ó lè yé wọn yékéyéké. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀, mo rí ọkùnrin kan lẹ́yìn pátápátá, tó dé fìlà búlúù, tó káwọ́ gbera. Àgbọ̀n rẹ̀ ni àgbọ̀n tó wà nínú fọ́tò bàbá mi ní pálọ̀ wa. Kò sí ẹni tó ní láti sọ ẹni tó jẹ́ fún mi.

Ó ń dúró de orúkọ náà. Mo rí i nínú bí ó ṣe dúró, bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gbá òun létí. Ẹnu mi ti là. Ilé ta lo máa wọ̀?

Ní ipò orúkọ náà, mo fi "ọmọ ìyá kan" sí i. Ọmọ ìyá kan, ọmọ etí òkun, ó rìn jìnnà, kò gbàgbé ọ̀nà ilé. Mo lé e bẹ́ẹ̀ dópin.

Mo ń tú okùn gìtá mi nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ìwọ ni ọmọ Yọ́ńsù."

"Èmi ni, sà."

"O kò dárúkọ rẹ̀."

"Mi ò dárúkọ rẹ̀, sà."

"O lè dárúkọ rẹ̀. Gbogbo abúlé ló wà níbí."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni yín, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ náà."

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tún un dé. Ó wo òkun títí. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé, "Ṣé o ti jẹun?"

Ní ọ̀nà ilé rẹ̀ ló ti ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí bàbá mi wá wo bàbá wọn, ó sọ ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá mi fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó bá òun wá bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá wọn. Kí wọ́n tó rí àyè, jàǹbá náà ṣẹlẹ̀. "Mo ní mo máa sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìnkú," ó ní. "Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá wa kò jẹun mọ́. Mo ní ó di ìgbà tó bá jẹun. Nígbà tó jẹun, mo ń bẹ̀rù kó má tún dáwọ́ oúnjẹ dúró. Báyìí ni ọdún ń lọ."

Ìyàwó ilé

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ọdún ìkórè gan-an. Lọ́jọ́ náà, ìdílé kọ̀ọ̀kan a máa tẹ́ oúnjẹ sórí tábìlì fún àwọn òkú wọn, wọ́n á sì wólẹ̀ níwájú rẹ̀. Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà, ó kéré, orí rẹ̀ funfun, aṣọ rẹ̀ kò ní ìwúnjọ kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Màmá àgbà nawọ́, ó fi ìkúùkù kékeré gbá ọmọ rẹ̀ léjìká, ó tún gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò lágbára. Lẹ́yìn náà ló sún lórí ẹní, ó fi ọwọ́ lu ibi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo lọ jókòó síbẹ̀.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ta ló tọ́ ọ?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan, mà."

Ó ní, "Pè é fún mi."

Mo ní ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Èkó. Kò gbà pé oòrùn lè wà lórí wa kó má sí lórí àwọn ẹlòmíràn. Ó jókòó ti fóònù náà, kò jẹ́ kí wọ́n kó oúnjẹ kúrò lórí tábìlì, títí di ọ̀sán tí ilẹ̀ mọ́ ní Ire-Akari.

Ìyá mi gbé ìpè fídíò náà, gèlè tó sáré wé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní, "Màámi, ìyá Dádì rèé." Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, ojú rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Kò já. Ó ti gbé fóònù náà ti àga, ó ti kúnlẹ̀, góńgó gèlè rẹ̀ nìkan la ń rí.

Ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, mà."

Gbogbo Ire-Akari ló ti kí i bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá mi kú. Òun kò rí ẹni tó bí ọkọ rẹ̀ kí, láti ìgbà yẹn wá. Èdè Kòríà tí mo mọ̀ kò ní ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ronú díẹ̀, mo wá sọ fún màmá àgbà pé, "Ó ní òun ń bá yín tọ́jú ẹ̀yìn ẹni tó lọ."

Màmá àgbà gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ojú fóònù náà. Ó ní, "Ìyàwó mi, o kú làálàá." Èyí kò fún mi ní wàhálà láti túmọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ṣiṣẹ́ takuntakun níbẹ̀ nìyẹn, bí àwa náà ṣe ń kí i sì nìyẹn.

Ìyá mi kò dìde. Ohùn rẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀. "Sọ fún wọn pé mo gbọ́. Sọ fún wọn pé mi ò tíì pa orúkọ ọmọ wọn dà. Ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni, Mísíìsì Háàn ni wọ́n ń pè mí títí dòní."

Mo yíjú láti túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n màmá àgbà kò dúró dè mí. Ó ti gbọ́ "Háàn", orúkọ ìdílé wọn, nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá náà. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú apá aṣọ, ó sì nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé kó lọ mú àwo kan sí i wá. Ó bu ìrẹsì sí i fúnra rẹ̀, ó to ẹja sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé e ka ilẹ̀ níwájú fóònù níbi tí ìyá mi ti lè rí i, ó sì ní kí n sọ fún ìyàwó òun pé kó dìde nílẹ̀, kó wá jẹun.